Bí Ìṣirò Ṣe Di Òṣùwọ̀n Ẹ̀kọ́ Ẹnjiníà

Láti 1893 ni àwọn olùkọ́ ẹnjiníà ní Amẹ́ríkà ti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní Chicago. Ìbéèrè kan ń jẹ wọ́n lọ́kàn: àwọn ọmọ tí à ń tú jáde yìí, ṣé iṣẹ́ yé wọn? Olúkúlùkù ní èrò tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rí kò sí lọ́wọ́ ẹnì kankan.

Charles Riborg Mann, olùkọ́ fisíìsì ní Yunifásítì Chicago, ni wọ́n gbé ìwádìí náà lé lọ́wọ́, Carnegie Foundation, àjọ tó ń ṣe onígbọ̀wọ́ ẹ̀kọ́, sì gbé owó rẹ̀ kalẹ̀. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1918. Ohun tó wú mi lórí jù níbẹ̀ ni pé kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sọ́dọ̀ olùkọ́. Ó kọ̀wé sí àwọn ẹnjiníà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ó ní kí wọ́n to ohun mẹ́fà bí ó ti ṣe pàtàkì sí: ìwà, làákàyè, ìjáfáfá, mímọ ènìyàn lò, ìmọ̀, àti ọgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́. Nǹkan bí 7,000 èsì ló padà wá. Ìwà ló ṣíwájú. Ọgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ló gbẹ́yìn pátápátá. Ọ̀rọ̀ ìwà kò lè ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá, ṣùgbọ́n fún ilé ẹ̀kọ́ tó jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ àti ìṣirò ló ń fi ọjọ́ ọmọ ṣe, ìdáhùn yẹn le.

Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n dá ECPD, ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ ẹnjiníà, sílẹ̀ ní 1932, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wò ní 1936, ohun tí ilé ẹ̀kọ́ ní ni wọ́n ń wò jù: yàrá ìwádìí, oyè tí àwọn olùkọ́ gbà, iye wákàtí ẹ̀kọ́. Ó dà bí ẹni tó ka ìkòkò àti igi ìdáná tán tí kò tọ́ ọbẹ̀ wò. ECPD di ABET ní 1980, ọ̀nà náà ò yí padà púpọ̀.

Ìgbà tí ABET fọwọ́ sí EC2000, òfin tuntun tí yóò máa fi yẹ àwọn ẹ̀ka ẹnjiníà wò, nítòsí ìparí ọ̀rúndún ogún, ni nǹkan yí. Ohun 11 ni òfin náà là sílẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́jáde gbọ́dọ̀ lè ṣe, ilé ẹ̀kọ́ sì gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá. Ṣùgbọ́n ta ni yóò yẹ òfin fúnra rẹ̀ wò? ABET gbé iṣẹ́ yẹn fún àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Penn State. Wọ́n fi àwọn tó jáde ní 1994, kí òfin tó dé, wé àwọn tó jáde ní 2004, ní ilé ẹ̀kọ́ 40. Wọ́n fi ìṣirò yọ ìyàtọ̀ tó jẹ́ ti ipò tí ọmọ ti wá, kí wọ́n má baà yin òfin fún ohun tí kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Èsì wọn, tó jáde ní 2006, fi hàn pé àwọn ti 2004 sọ pé àwọn mọ̀ ọ́n ṣe ju bí àwọn ti 1994 ṣe wí lọ, pàápàá ní ọ̀rọ̀ àwùjọ àti àgbáyé, àti iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe. Ibi tó kù díẹ̀ káàtó ni pé ẹnu ara wọn ni wọ́n fi sọ ọ́, àwọn ti 1994 sì ń rántí ohun ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Mo mọ rírì rẹ̀ pé wọ́n tún bi àwọn agbanisíṣẹ́ léèrè.

Ẹnì kan tó yẹra fún ẹnu sísọ ni Matthew Ohland, olùwádìí ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ní Amẹ́ríkà. Àkọsílẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ gan-an, tí wọ́n kó jọ láti oríṣiríṣi yunifásítì sínú àkójọ tí wọ́n pè ní MIDFIELD, ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń tẹ̀lé ọmọ láti sáà kan dé èkejì. Gbogbo ayé ti gbà pé ẹnjiníà ló ń lé ọmọ sá jù. Ní 2008, ìṣirò wọn fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀: àwọn ọmọ ẹnjiníà kì í sá ju ti ẹ̀ka mìíràn lọ. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni kí ọmọ ti ẹ̀ka mìíràn wọlé wá. Nínú àwọn tó kù nínú ẹnjiníà ní sáà kẹjọ, ó lé ní 90 nínú ọgọ́rùn-ún tó jẹ́ pé inú rẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.