Búráúsà: ààbò yàtọ̀ sí àṣírí

Búráúsà ni áàpù tí a fi ń ṣí ìkànnì ayélujára: Chrome, Safari, Firefox, Edge, Brave àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ọ̀kan nínú wọn ní ààbò, ẹ bi í pé ààbò lọ́wọ́ ta ni.

Nítorí olè ni ààbò ṣe wà. Búráúsà tó ní ààbò kì í jẹ́ kí ìkànnì burúkú ráyè dé ibi tí ọ̀rọ̀ aṣínà yín wà, bí wọ́n bá sì rí ihò lára rẹ̀, àwọn tó ṣe é á tètè dí i. Chrome dáńtọ́ níbí yìí. Ti àṣírí yàtọ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ ohun tí ẹ ń kà lè má jẹ́ olè rárá. Ó lè jẹ́ oníṣòwò. Google ló ni Chrome, ìpolówó ọjà ló sì ń mú èyí tó pọ̀ jù wọlé fún un.

Kúkì, ìyẹn àkọsílẹ̀ kékeré tí ìkànnì ń fi sínú búráúsà yín, ni irinṣẹ́ àwọn onípolówó. Lou Montulli ló gbé e jáde ní 1994 nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Netscape, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe búráúsà nígbà náà, kí ìkànnì lè máa rántí ẹni tó ti wá rí. Ohun tó dáa ni: òun ni kì í jẹ́ kí ẹ máa tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí ojú-ewé tuntun. Kúkì àjèjì ló wá bà á jẹ́. Ẹ ṣí ìkànnì ìròyìn láàárọ̀. Ilé-iṣẹ́ tó gbé ìpolówó síbẹ̀ ti fi kúkì tirẹ̀ sínú búráúsà yín. Lálẹ́, ẹ ń ka nípa àìsàn kan tí ẹ ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, lórí ìkànnì mìíràn. Ilé-iṣẹ́ kan náà ti wà níbẹ̀, ó sì dá yín mọ̀. Èyí ló ń dùn mí jù.

Safari ti ilẹ̀kùn mọ́ kúkì àjèjì pátápátá ní 2020. Láti 2022, Firefox ń ya kúkì ìkànnì kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, kí ti ibí má bàa mọ ti ọ̀hún. Google ṣèlérí ní 2020 pé Chrome náà yóò yọ ọ́ kúrò. Ní 2024, wọ́n ní àwọn ò ṣe é mọ́.

Ẹ má gbọ́kàn lé fèrèsé ìkọ̀kọ̀ (incognito) tí gbogbo wọn ní. Kì í tọ́jú àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ ṣí sórí fóònù yín, àmọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń ta dátà fún yín ṣì ń rí ìkànnì tí ẹ lọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n rí i, Tor Browser ni kó lò. Ohun tí ẹ bá fi ránṣẹ́ níbẹ̀ ń gba ọwọ́ ẹ̀rọ mẹ́ta kọjá kó tó dé ibi tó ń lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń falẹ̀.

Firefox ni èmi máa mú fún ẹni tí kò fẹ́ wàhálà. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ jẹ́ kó máa gba àtúnṣe fúnra rẹ̀, kí ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn àfikún kéékèèké tí a ń so mọ́ ọn. Púpọ̀ nínú wọn ń tọrọ àyè láti ka gbogbo ohun tó wà lójú gbogbo ìkànnì tí ẹ bá ṣí, títí kan ti báńkì.