Lẹ́yìn Ìpakúpa, Ẹ Tètè Wá Ìwé Àkọsílẹ̀

Bí adájọ́ bá ju apànìyàn sẹ́wọ̀n, inú àwa agbẹjọ́rò á dùn. Ẹni tí wọ́n pa ẹbí rẹ̀ ṣì ń béèrè pé: òkú dà? Ta ló rán wọn? Kí ló dé tá a pe ọlọ́pàá tí wọn ò dé?

Ní Rùwáńdà, láàárín 2002 sí 2012, kóòtù Gacaca jókòó ní gbangba ìlú, wọ́n gbọ́ ẹjọ́ tó súnmọ́ mílíọ̀nù méjì lórí ìpakúpa 1994. Wọ́n ń dín ẹ̀wọ̀n ẹni tó bá jẹ́wọ́ kù. Ó bí ọ̀pọ̀ ẹbí nínú, síbẹ̀ ibẹ̀ làwọn kan ti rí egungun ẹni wọn sin.

Owó gbà-má-bínú ńkọ́? Kóòtù ìwà ọ̀daràn àgbáyé (ICC) tó wà ní The Hague dá Germain Katanga, olórí ẹgbẹ́ ajagun kan, lẹ́bi lórí ìkọlù tí wọ́n ṣe lọ́dún 2003 sí abúlé Bogoro, ní Kóńgò. Nígbà tó di 2017, èèyàn 341 ló ti kọ̀wé béèrè. 297 ló rí ìpalára wọn fìdí múlẹ̀. Dọ́là 250 ni wọ́n ní kí wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan (kò tó nǹkan, a mọ̀), pẹ̀lú ìrànwọ́ ilé àti ẹ̀kọ́.

Ìwé ló máa ń dáni dúró. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà n'Ìbàdàn tẹ́ ẹ ní ẹbí ní Ìbàràpá tàbí Òkè Ògùn, bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Ojú ewé kan fún òkú kan: orúkọ, ọjọ́ orí, ilà ojú, aṣọ ọrùn, ibi tí wọ́n ti rí i, ẹni tó rí i. Bí gbogbo àdúgbò bá mọ̀ ọ́n sí Ìyá Rísì, tí káàdì ìdìbò ń pè é ní nǹkan mìíràn, ẹ kọ méjèèjì, kẹ́ ẹ sì lọ búra fún un ní kóòtù. Ẹ ya fọ́tò kẹ́ ẹ tó sin ín. Kò ní dá ìsìnkú Mùsùlùmí dúró. Bó bá di dandan kẹ́ ẹ sin wọ́n pọ̀, ẹ kọ ẹni tó wà níbi orí sàréè títí dé ìsàlẹ̀.

Kí ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan dá sọ tiẹ̀. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ jókòó fẹnu kò, agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ á fà á ya.

Ọdún máa ń gorí ọdún. Ìlú Odi ní Bayelsa, 1999 làwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ pa á run. 2013 ni kóòtù tó ní kí ìjọba san bílíọ̀nù 37.6 náírà, bílíọ̀nù 15 ni wọ́n sì padà gbà lẹ́yìn ìdúnàádúrà. Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ àrólé ẹni tó ń béèrè sí ìsàlẹ̀ ojú ewé, kó tẹ̀ka sí i.