Àmì inú ẹ̀jẹ̀ fún àsọtẹ́lẹ̀ ìmúbọ̀sípò lẹ́yìn ìfarapa ọpọlọ

Àmì inú ẹ̀jẹ̀ fún ìfarapa ọpọlọ ni àwọn puròtéènì tó jẹ́ pé inú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ni ibùgbé wọn, àmọ́ tí wọ́n máa ń jò bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí orí bá ṣèṣe nínú ìjàǹbá ọkọ̀, ìṣubú, ìjà tàbí eré ìdárayá. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n ń fi wọ́n ṣe, iṣẹ́ méjèèjì kò sì jọra. Èkíní ni láti mọ ẹni tí kò nílò CT, ìyẹn àwòrán inú orí tí ẹ̀rọ máa ń yà. Torí èyí ni wọ́n ṣe fọwọ́ sí àyẹ̀wò náà ní Amẹ́ríkà. Èkejì ni láti sọ tẹ́lẹ̀ bóyá aláìsàn yóò yè, àti bóyá yóò padà sẹ́nu iṣẹ́ àti ìgbésí ayé rẹ̀. Nínú iṣẹ́ kejì yìí, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ máa ń dá ẹni tó wà létí ikú mọ̀ dáadáa. Kò fi bẹ́ẹ̀ dá ẹni tí ara rẹ̀ yóò yá tán pátápátá mọ̀.

Ohun tí wọ́n ń lò kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó dé

Ìwọ̀n Glasgow, tí wọ́n ń pè ní GCS, ni Graham Teasdale àti Bryan Jennett gbé jáde ní 1974. Bí ojú aláìsàn ṣe ń là, bó ṣe ń sọ̀rọ̀ àti bó ṣe ń gbé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni wọ́n máa ń wò, wọ́n á sì ro máàkì rẹ̀ pọ̀, láti 3 títí dé 15. 13 sí 15 ni ìfarapa fẹ́ẹ́rẹ́, 9 sí 12 ni ti agbedeméjì, 3 sí 8 ni èyí tó le. Àbájáde náà ní ìwọ̀n tirẹ̀, GOSE, tó ní ìpele 8: ìpele 1 ni ikú, ìpele 8 ni ẹni tó padà sípò tí kò ku ibì kankan. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìjàǹbá ni wọ́n sábà máa ń wọ̀n ọ́n.

Ní 2008, ètò ìṣirò méjì jáde tí wọ́n fi ń sọ àbájáde tẹ́lẹ̀, CRASH àti IMPACT. Ohun mẹ́ta ni ìpìlẹ̀ IMPACT: ọjọ́ orí, máàkì ìgbéra nínú GCS, àti bóyá ọmọ ojú méjèèjì ṣì ń súnkì bí wọ́n bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n máa ń fi àwòrán CT, àìtó ọ́síjìn àti ìfúnpá tó já wálẹ̀ kún un, kí wọ́n tó wá kan ṣúgà àti hẹmogilóbíìnì. Dókítà tó ní tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, tó sì mọ ọjọ́ orí aláìsàn, ti mọ púpọ̀ nínú ohun tó ṣeé mọ̀. Nítorí náà, àmì ẹ̀jẹ̀ yòówù tí wọ́n bá gbé dé, ìbéèrè tó tọ́ ni pé kí ló fi kún èyí tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìwádìí tí kò bá bi ìbéèrè yìí máa ń yin àmì náà ju bó ṣe yẹ lọ.

Àwọn puròtéènì náà

GFAP ni ó ń dúró bí òpó ilé nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì onírìísí ìràwọ̀ tó ń ṣìkẹ́ ọpọlọ. Ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ló pọ̀ sí jù, torí náà egungun ẹsẹ̀ tó kán kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé e sókè. Ohun tó lè ṣini lọ́nà ni ẹ̀jẹ̀ tó ya sínú ọpọlọ láìsí ìjàǹbá. Bí àgbàlagbà bá ṣubú, tí GFAP rẹ̀ sì ga gan-an, ó lè jẹ́ pé àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọ́kọ́ kọlù ú kó tó ṣubú.

UCH-L1 wà nínú ara sẹ́ẹ̀lì tó ń ronú gan-an. Ó wà níbòmíràn nínú ara pẹ̀lú, nítorí náà ó lè gòkè díẹ̀ nínú ẹni tí ara rẹ̀ ṣèṣe gidi láìjẹ́ pé ọpọlọ rẹ̀ fara pa.

S100B ni ó pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́. Ìlànà ìtọ́jú àwọn orílẹ̀-èdè Scandinavia ti 2013 fàyè gbà á pé kí wọ́n lò ó láàárín wákàtí 6 sí ìjàǹbá, kí wọ́n sì dá aláìsàn tí ìfarapa rẹ̀ kò le padà sílé láìya CT bí iye rẹ̀ kò bá tó 0.10 µg/L. Àléébù rẹ̀ ni pé ọ̀rá, iṣan, kèrékèré àti egungun tó kán náà máa ń tú u jáde. Sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè àwọ̀ ara náà ní in nínú, ìwádìí kan tó jáde ní 2003 sì rí i pé iye rẹ̀ ga nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú tí ara wọn dá ṣáṣá ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Ara àwọn ará Yúróòpù ni wọ́n ti yọ 0.10 yẹn. Tí wọ́n bá lò ó fún ẹni tó dúdú, ó ṣeé ṣe kí wọ́n rán an lọ ya CT tí kò nílò. Kì í ṣe pé wọn yóò fojú fo ẹ̀jẹ̀ tó ń dà nínú orí rẹ̀. Àpò ni àṣìṣe náà ń kọlù, kì í ṣe ẹ̀mí.

NfL ti inú àwọn okùn gígùn tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn wá, òun ló sì ń ṣojú ìfarapa tí CT kì í sábà rí, ìyẹn fífà àti jíjá àwọn okùn náà. Ọjọ́ orí àti àìsàn kíndìnrín máa ń gbé e sókè. NSE kò wọ́pọ̀ mọ́ nínú iṣẹ́ yìí, torí inú sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀ náà ló wà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá fọ́ díẹ̀ nínú túùbù, èsì ti bàjẹ́.

Aago

Iye tí kò ní aago kò ní ìtumọ̀. UCH-L1 máa ń yára gòkè, ó sì máa ń dé góńgó ní nǹkan bí wákàtí 8 lẹ́yìn ìjàǹbá. GFAP máa ń dé góńgó tirẹ̀ ní nǹkan bí wákàtí 20, wọ́n sì ṣì lè rí i nínú ẹ̀jẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. S100B kì í pẹ́ rárá. Bí jíjò bá dáwọ́ dúró, láàárín nǹkan bí wákàtí méjì ó ti dín sí ìdajì. NfL ló ń rìn bí ìgbín: láàárín ọjọ́ 10 sí ọ̀sẹ̀ 6 ló máa ń ga jù, ó sì lè má tíì wálẹ̀ tán lẹ́yìn oṣù mélòó kan.

Ká ní aláìsàn méjì ní GFAP kan náà. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan ní wákàtí 2, ti èkejì ní wákàtí 20. Ti ẹni àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè bọ̀ ni, ti ẹnì kejì ti dé ibi tó máa dé. Ẹni àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ burú jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ìwé, iye wọn dọ́gba. Fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ ní aago méjì: ti ìjàǹbá àti ti ìgbà tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá mọ ìgbà tí ó ṣubú, kí wọ́n kọ ìgbà tí wọ́n rí i kẹ́yìn tí ara rẹ̀ yá.

Bí àsọtẹ́lẹ̀ náà ṣe péye tó

Ìwádìí TRACK-TBI ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2022 lórí àwọn aláìsàn 1,696 tí wọ́n wọn GFAP àti UCH-L1 wọn lọ́jọ́ ìjàǹbá gan-an, tí wọ́n sì wo ipò wọn lóṣù mẹ́fà. Òdiwọ̀n tí wọ́n lò rọrùn láti lóye. Mú ẹnì kan tó kú àti ẹnì kan tó yè. Ìgbà mélòó nínú 100 ni iye ẹni tó kú yóò ga ju ti ẹnì kejì lọ? 50 kò sàn ju kí a ju owó wẹ́wẹ́ sókè. Fún ikú, GFAP gba 87, UCH-L1 gba 89. Fún àbájáde tó burú, ìyẹn ikú tàbí kí ènìyàn di ẹni tí kò lè dá tọ́jú ara rẹ̀, àwọn méjèèjì gba 86. Fún àìpadàsípò tán, níbi tí orí fífọ́ díẹ̀ tàbí ìgbàgbé díẹ̀ pàápàá ti ń kà, 62 àti 61 péré ni.

Ìdí tí èyí tó gbẹ̀yìn fi rẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ẹ̀jẹ̀ ń ka iye ẹran ọpọlọ tó ya. Àmọ́ lẹ́yìn ìfarapa fẹ́ẹ́rẹ́, ohun tó sábà máa ń dí ènìyàn lọ́wọ́ ni orí fífọ́, àìrí oorun sùn, òòyì, ìbànújẹ́ àti àìlè pọkàn pọ̀. Ìtàn àìsàn ọpọlọ tàbí ìdààmú ọkàn tó ti wà ṣáájú ìjàǹbá sì wà lára ohun tó ń pinnu wọn. Kò sí puròtéènì tó ń jò fún ìwọ̀nyẹn. Ẹni tí GFAP rẹ̀ kéré, tó ń sọ pé orí ń fọ́ òun lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kò purọ́.

Nígbà tí wọ́n fi iye méjèèjì kún IMPACT fún àwọn tí GCS wọn wà láàárín 3 sí 12, àsọtẹ́lẹ̀ sunwọ̀n sí i, àmọ́ díẹ̀ ni. Ìwádìí CENTER-TBI ti Yúróòpù náà rí i ní 2022 pé àwọn àmì ẹ̀jẹ̀ ń fi nǹkan kún ètò ìṣirò, UCH-L1 pàápàá. Fún ohun tó jìnnà, NfL ló lágbára: iye tó ga ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ bá ìsúnkì ọpọlọ tí MRI, ẹ̀rọ mìíràn tó ń ya àwòrán inú ara, ń rí lẹ́yìn ọdún kan mu.

Gbígba ẹ̀jẹ̀ àti ohun tó ń bà á jẹ́

Fún ẹ̀rọ inú yàrá àyẹ̀wò, inú túùbù tó ní EDTA, èròjà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ni wọ́n sábà máa ń gba ẹ̀jẹ̀ sí bó bá jẹ́ plásímà, ìyẹn omi inú ẹ̀jẹ̀, ni wọ́n fẹ́. Wọ́n á rọra dà á dojú dé nígbà mélòó kan, wọn kò gbọ́dọ̀ gbọ̀n ọ́n. Láàárín wákàtí kan ó yẹ kí wọ́n ti fi ẹ̀rọ yí i kí omi lè yà sọ́tọ̀ kúrò lára sẹ́ẹ̀lì. Bí wọn kò bá ní wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n pín in sínú túùbù kéékèèké, kí wọ́n sì gbé e sínú fíríìsà −80°C. Ìdí pípín ni kí wọ́n má bàa máa yọ́ túùbù kan náà, kí wọ́n tún máa mú un dì. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, fíríìsà yìí ni ìṣòro tó tóbi jù; túùbù tó yọ́ lóru tó sì tún dì kí ilẹ̀ tó mọ́ kì í fi àmì kankan hàn lójú.

Àṣìṣe mìíràn tó wọ́pọ̀ ni fífi iye láti inú ẹ̀rọ kan wé ti òmíràn. Àyẹ̀wò Banyan tí FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ní oṣù kejì 2018 lo 22 pg/mL fún GFAP àti 327 fún UCH-L1. Ti ẹ̀rọ i-STAT lórí plásímà, tó gba àṣẹ ní 2021, tó sì ń fúnni lésì ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, lo 30 àti 360. Ti i-STAT tó ń lo odindi ẹ̀jẹ̀ láìyí i, tó gba àṣẹ ní 2024 fún wákàtí 24 lẹ́yìn ìjàǹbá, lo 65 àti 360. Nítorí náà GFAP 40 "ga" lórí plásímà, kò sì "ga" lórí odindi ẹ̀jẹ̀. Gbogbo iye wọ̀nyí ni wọ́n gé fún ìpinnu CT nínú àgbàlagbà tí GCS rẹ̀ jẹ́ 13 sí 15. Ẹni tó bá mú wọn láti fi sọ ikú tàbí ìyè tẹ́lẹ̀ ti lò wọ́n sódì.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn

Ewu tó burú jù nínú àsọtẹ́lẹ̀ ni kó mú ara rẹ̀ ṣẹ. Bí dókítà bá sọ fún ẹbí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé iye ẹ̀jẹ̀ yìí kò jọ ti ẹni tó máa yè, tí wọ́n sì yọ ẹ̀rọ tó ń bá a mí, aláìsàn yóò kú, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àmì náà sọ òótọ́. Irú ikú bẹ́ẹ̀ wà nínú àwọn àkójọ ìsọfúnni aláìsàn tí wọ́n fi ń dán àwọn àmì wọ̀nyí wò. Ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ ìtọ́jú àkànṣe ọpọlọ ni pé kí wọ́n dúró ó kéré tán wákàtí 72 kí wọ́n tó ṣe irú ìpinnu yìí, kí ó má sì dúró lórí àmì kan ṣoṣo.

Fún ẹni tó wà nínú àìmọ̀ǹkan tí oògùn oorun sì bò ó mọ́lẹ̀, bí iye náà ṣe ń yí láti wákàtí dé wákàtí wúlò ju iye ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí GCS kò ṣeé kà dáadáa lára rẹ̀. Nínú ìwádìí kan láti Sweden tó jáde ní 2014, bí S100B bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, tó wá tún gòkè, kódà pẹ̀lú 0.05 µg/L péré, ó sábà máa ń bá ìfarapa tuntun tí àwòrán rí nínú orí rìn. Bí irú ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, wọ́n á wo ọmọ ojú rẹ̀, wọ́n á wo ìfúnpá àti ọ́síjìn rẹ̀, wọ́n á sì tún gbé e lọ ya CT.