Bí Fáìlì B-Format Ṣe Ń Di Ohùn Sípíkà Márùn-ún

Àwọn tó bá kọ́kọ́ pàdé fáìlì Ambisonics (ọgbọ́n gbígba ohùn sílẹ̀ láti gbogbo apá) tí wọ́n ń pè ní B-format máa ń rí i pé ọ̀nà ohùn mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, wọ́n á sì gbà pé sípíkà mẹ́rin ni wọ́n ṣe é fún. Wọ́n á ṣí i bẹ́ẹ̀, ohùn á dàrú, wọ́n á ní ẹni tó gbà á sílẹ̀ kò mọṣẹ́. Ẹni tó gbé ata fún àlejò kan, tó gbé epo fún èkejì, tó pín irú àti iyọ̀ fún àwọn tó kù, kò tíì bu ọbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Èlò ọbẹ̀ ló pín.

Michael Gerzon ní Oxford àti Peter Fellgett ní Reading wà lára àwọn tó gbé ọgbọ́n yìí kalẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọdún 1970 sí 1980. W, X, Y àti Z ni orúkọ ọ̀nà ohùn mẹ́rin náà. W gba gbogbo ohùn, láìka ibi tó ti wá sí. X wà fún iwájú àti ẹ̀yìn, Y fún òsì àti ọ̀tún, Z fún òkè àti ilẹ̀. Ohùn tó bá ti ẹ̀yìn wá á wọ inú X ní òdì (iye tó kéré sí òfo), òdì yìí gan-an ni gbogbo ọgbọ́n náà sì rọ̀ mọ́.

Nínú ètò 5.1, tó ní sípíkà márùn-ún àti wúfà kan fún ohùn tó rinlẹ̀, sípíkà kan wà ní àárín gbùngbùn iwájú, méjì wà ní dígírì 30 sí òsì àti ọ̀tún, méjì yòókù wà lẹ́yìn ní nǹkan bí dígírì 110. Fún sípíkà kọ̀ọ̀kan, a ó mú W, a ó fi X tí a ti sọ di púpọ̀ pẹ̀lú cosine dígírì sípíkà náà kún un, a ó fi Y tí a ti sọ di púpọ̀ pẹ̀lú sine rẹ̀ kún un (cosine àti sine jẹ́ iye méjì tí a ń rí láti inú dígírì), a ó sì pín gbogbo rẹ̀ sí méjì. Z kò wúlò níbí, nítorí gbogbo sípíkà wà ní ọ̀gangan etí. Wúfà kò sì sí nínú ìṣirò yìí, nítorí kò ní apá kankan tó kọjú sí.

Bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀ níwájú gan-an, tí a sì ka agbára ohùn rẹ̀ sí 1, sípíkà àárín á gba 1, àwọn méjì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á gba 0.93, ti ẹ̀yìn á gba 0.33 péré, nítorí cosine dígírì 110 jẹ́ òdì, ó sì ń yọ X kúrò lára W. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá rìn lọ sẹ́yìn, àwọn ti ẹ̀yìn á gba 0.67, àárín á gba òfo. Àpapọ̀ tó jẹ́ 3.5 níwájú kò ní pé 1.5 mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹni náà kò rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. B-format kọ́ ló jẹ̀bi, ètò 5.1 ló kó sípíkà mẹ́ta jọ síwájú. Ní 1992, Gerzon àti Geoffrey Barton gbé ìṣirò jáde fún irú ètò tí kò dọ́gba bẹ́ẹ̀, tí sípíkà kọ̀ọ̀kan fi ní ìwọ̀n tirẹ̀. Fáìlì tí a gbà sílẹ̀ ṣáájú ìgbà náà kò nílò àtúnṣe kankan láti jàǹfààní rẹ̀, nítorí kò fìgbà kan mọ iye sípíkà tó ń dúró dè é.

Kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí a mọ bí wọ́n ṣe to fáìlì náà. Èyí tó ní orúkọ .amb ń tẹ̀ lé WXYZ, wọ́n sì ti dín W kù ní dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (òṣùwọ̀n agbára ohùn) 3, tí a gbọ́dọ̀ dá padà. AmbiX, irú fáìlì mìíràn tí YouTube ń gbà, ń tẹ̀ lé WYZX. Bí a bá ka AmbiX bí ẹni ń ka .amb, ohun tó wà lápá òsì á bọ́ síwájú, ẹyẹ tó ń ké lókè orí á bọ́ sápá òsì, X tòótọ́ á sì bọ́ sí ipò Z, á sì lọ sínú ìdọ̀tí. Kọ̀ǹpútà kò ní kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni.