Ṣakabùlà: Ìbọn Kan Tó Wà fún Àparò, Tó Tún Wà fún Ìgalà

Inú irin ìbọn ṣakabùlà ń dán ni. Kò ní ilà yíyípo bíi ti ráífù. Ilà yẹn ló ń mú kí ọta ráífù máa pòòyì, kó sì lọ tààrà jìnnà. Ṣakabùlà ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọta yòówù tó bá gba ẹnu rẹ̀ wọlé ló ń yìn. Ìdí nìyẹn tí ọdẹ ilẹ̀ Ìgbómìnà, láti Àjàṣẹ́-Ìpo dé Òmù-Àrán, fi lè gbé ẹyọ kan ṣoṣo dé oko àparò, kó sì gbé e dé igbó ìgalà. Òfin ìbọn ọdún 1959 ní kó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀.

Ẹnu ni wọ́n ti ń kì í. Ẹ̀tù á kọ́kọ́ wọlé, àkísà tàbí ìhá ẹyìn á tẹ̀lé e, ọ̀pá á kì í mọ́lẹ̀ dáadáa. Ọta ló kàn, àkísà mìíràn á sì dí i kó má baà dà nù bí ẹnu ìbọn bá dorí kodò.

Ọta yìí gan-an ni iṣẹ́ wà. Wẹ́wẹ́ ni ti àparò: ó ń fọ́n ká bó ṣe ń lọ, kò wá di dandan kí ọdẹ fojú sun ẹyẹ tó ń fò ṣinṣin. Tó bá ti kọjá nǹkan bíi mítà 30, ẹyẹ lè gba àárín ọta kọjá. Ti ọ̀yà máa ń tóbi díẹ̀ sí i. Ìgalà ń fẹ́ ọta ràbàtà kan ṣoṣo tí wọ́n fi aṣọ wé kó lè há. Tó bá ju mítà 50 lọ, orí ire ni. Àwọn kan a máa da ńlá pọ̀ mọ́ wẹ́wẹ́ torí wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa pàdé. Kò dára tó bẹ́ẹ̀: ẹran ńlá á kàn gbé ọgbẹ́ sá lọ ni.

Ọdẹ tó mọṣẹ́ ń fá àmì méjì sára ọ̀pá ìkìbọn, ọ̀kan fún ìgbà tí ìbọn ṣófo, ọ̀kan fún ìgbà tó kún. Àmì yìí ló fi ń mọ̀ bóyá ọta ti jókòó lé ẹ̀tù. Bí kò bá jókòó, tí àlàfo wà láàárín wọn, irin lè wú tàbí kó fọ́ mọ́ ọdẹ lójú, pàápàá èyí tí wọ́n fi páìpù omi rọ.

Bó bá yìn ín tán, èéfín á bo iwájú rẹ̀. Kò gbọdọ̀ sáré da ẹ̀tù mìíràn sí i, torí ẹyin iná lè ṣì wà nínú irin.