Etí fífà lára ife amọ̀

Ìkòkò ní ẹnu, ó ní ọrùn, ó ní ikùn, ó sì ní ìdí. Ife tí a fi ń mu tíì ní èyí tó pọ̀ nínú wọn, ó sì tún ní etí, ìyẹn ibi tí ìka ń gbà wọlé láti gbé e. Àwọn kan ń pè é ní ọwọ́ ife, kò sì burú. Etí ni màá máa pè é níbí, torí pé ọwọ́ amọ̀kòkò fúnra rẹ̀ pọ̀ nínú àlàyé yìí, n kò sì fẹ́ kí ọwọ́ méjèèjì dàrú mọ́ ẹnikẹ́ni lójú.

Oríṣiríṣi ọ̀nà ni etí ife ń gbà wáyé. A lè yí amọ̀ bí okùn lórí tábìlì, kí a sì tẹ̀ ẹ́. A lè tẹ́ amọ̀ pẹrẹsẹ kí a fi ọ̀bẹ gé e bí bẹ́líìtì. Ní ilé-iṣẹ́ ńlá, inú POP, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé, tí wọ́n gbẹ́ ihò sí ni wọ́n ń da amọ̀ olómi sí, ẹgbẹ̀rún etí yóò sì jọra bí ìbejì. Etí fífà yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Amọ̀kòkò mú ìṣù amọ̀ lọ́wọ́ kan, ó ki ọwọ́ kejì bọ omi, ó sì ń fi ọwọ́ tútù yẹn wọ́ amọ̀ náà lọ sísàlẹ̀ léraléra títí ó fi gùn, tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí ahọ́n. Omi, ọwọ́ àti ìwúwo amọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, láti Ìlọrin dé Ìpetumodù, ìkòkò kò wọ́n wa. Etí ni kò pọ̀ lára wọn. Orí la fi ń ru orù, òṣùká ló ń gbà á dúró. Àmù jókòó sí kọ̀rọ̀ ilé, kì í kúrò níbẹ̀. Ìṣaasùn, ẹnu rẹ̀ tó yọ síta la ń fi àkísà dì mú tí a bá fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀ lórí iná. Omi àti ẹ̀kọ, inú igbá la ti ń mu ún, igbá kì í sì í jó ọwọ́ bí amọ̀ ṣe ń jó o. Ní Ṣáínà àti Japan pàápàá, níbi tí wọ́n ti ń mu tíì tipẹ́tipẹ́, púpọ̀ nínú ife wọn kò ní etí. Àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fi ń gbá a mú. Àwọn amọ̀kòkò abúlé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni etí fífà mọ́ lára gan-an. Jọ́ọ̀gì ńláńlá tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí 700 ọdún sẹ́yìn ṣì wà nínú mùsíọ́ọ̀mù wọn. Etí àwọn jọ́ọ̀gì náà nípọn, àwọn kan tilẹ̀ ní ihò kéékèèké tí wọ́n fi ohun mímú gún sí i, kí inú rẹ̀ lè gbẹ dáadáa kí iná tó kàn án.

Bí iṣẹ́ náà ṣe dé Nàìjíríà dùn ún gbọ́. Ní 1920, amọ̀kòkò méjì, Bernard Leach, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, àti Shoji Hamada, ọmọ Japan, dá ilé ìmọ̀kòkò sílẹ̀ ní St Ives, ní Cornwall, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Michael Cardew, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, lọ kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ní 1923. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ìjọba amúnisìn gbé e wá sí Nàìjíríà, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀kòkò sílẹ̀ ní Abuja. Kì í ṣe Abuja olú-ìlú o. Ìlú tí à ń pè ní Suleja lónìí ni. Ladi Kwali dara pọ̀ mọ́ wọn ní 1954, obìnrin Gbagyi tó ti ń fi ọwọ́ lásán mọ ìkòkò ńlá kó tó fojú kan kẹ̀kẹ́ amọ̀kòkò, ìyẹn pẹpẹ tó ń yí tí wọ́n ń mọ amọ̀ lórí rẹ̀. Ife, jọ́ọ̀gì àti ìkòkò tíì elétí, tí wọ́n fi amọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà ṣe, jáde láti ibẹ̀. Àwòrán Ladi Kwali ló wà lẹ́yìn owó ₦20. N kì í ná owó yẹn láì kọ́kọ́ yí i padà wò ó.

Kí ló dé tí ènìyàn yóò fi máa fa etí nígbà tí ó lè yí i bí okùn? Bí a bá lè fojú rí inú amọ̀, ewé pẹlẹbẹ kéékèèké la ó rí, omi sì wà láàárín wọn. Nínú ìṣù amọ̀ lásán, ewé yìí kọjú síhìn-ín, ìyẹn kọjú sọ́hùn-ún. Bí ọwọ́ tútù ṣe ń wọ́ ọ lọ sísàlẹ̀ léraléra ni wọ́n ń dùbúlẹ̀ sí ìhà kan náà, tí ọ̀kan ń lé ọ̀kan bí ìpẹ́ ẹja. Etí tí a fà báyìí máa ń tẹ̀ bí ọrun láì sán lẹ́yìn. Èkejì, ó máa ń nípọn níbi tí ẹrù pọ̀ sí, ìyẹn níbi tí ó ti so mọ́ ife lókè, á sì máa tín-ín-rín bọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ wo ẹ̀ka lára igi, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ìdí nìyí tí etí tí a fà dáadáa fi ń dà bí ẹni pé ó hù jáde lára ife ni.

Ẹ jẹ́ ká fà á. Irú amọ̀ kan náà tí a fi mọ ife la ó lò. A ó pò ó dáadáa kí afẹ́fẹ́ má ṣẹ́kù sínú rẹ̀, kí ó sì le díẹ̀ ju èyí tí a ń mọ lórí kẹ̀kẹ́ lọ. A ó tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi rí bí àgbàdo tútù tí a kò tíì bó: orí kan nípọn, orí kejì ṣe ṣóńṣó. Ọwọ́ òsì á di ibi tó nípọn mú sókè, ṣóńṣó á máa wo ilẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún á bọ omi, àtàńpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e á pàdé bí òrùka yí amọ̀ náà ká, á sì wọ́ lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ láì dúró lójú ọ̀nà. Ó jọ bí darandaran ṣe ń fún ọmú màlúù, àmọ́ amọ̀ kò fẹ́ kí a fún òun.

Ìgbà tí mo ń kọ́ ọ, fífún ni mo ń fún un. Á tín lójú kan ṣoṣo, á sì já níbẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi ń bá a fà á kí ẹni tó ń kọ́ mi tó gbá ọwọ́ mi mú, tó ní, “Máa fọwọ́ pa á lára bí ọmọ tó fẹ́ sùn. Jẹ́ kí omi gbé ọwọ́ rẹ lọ.” Ọ̀rọ̀ yẹn wúlò fún mi ju gbogbo àlàyé lọ. Tí ọwọ́ bá ti ń gbẹ, á bẹ̀rẹ̀ sí í há, amọ̀ á fẹ́ já. Ẹ tètè padà sínú omi. Àmọ́ ẹ má fa etí kan ṣoṣo fún odindi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, torí omi tó ti mu á pọ̀ jù, á sì rọ̀ bí ewé tí oòrùn pa.

Lẹ́yìn ìwọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, a ó yí ìṣù náà kí ẹ̀yìn di iwájú. Àtàńpàkò lágbára ju ìka yòókù lọ, ẹ̀gbẹ́ tó bá sì ń kọjú sí i nígbà gbogbo ni yóò tín jù. Ní ìparí, a lè fi orí àtàńpàkò fa kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín rẹ̀ ní gígùn. Ibẹ̀ ni àtàńpàkò ẹni tó ń mu tíì yóò jókòó sí. Èmi máa ń dúró nígbà tó bá fẹ̀ tó àtàńpàkò mi, tó sì nípọn tó nǹkan bí mìlímítà 8.

Etí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà rọ̀ jù láti lẹ̀. A ó tẹ̀ ẹ́ bí ọrun sórí pákó, tàbí kí a so ó rọ̀ sí ẹ̀bá tábìlì, títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ìka mọ́.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù ló kàn yìí. Bí omi ṣe ń jáde nínú amọ̀ ni àwọn ewé pẹlẹbẹ yẹn ń sún mọ́ ara wọn, tí amọ̀ sì ń súnkì. Láti ìgbà tí a mọ ọ́n títí tó fi jáde nínú iná, ọ̀pọ̀ amọ̀ tí a fi ń ṣe ife ń dín kù ní nǹkan bí ìdá 10 sí 13 nínú 100. Bí ife bá ti gbẹ kí a tó lẹ etí tútù mọ́ ọn, ife ti súnkì dé ibi kan, etí ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Etí á máa fà, ife kò ní tẹ̀ lé e. Ojú ibi tí wọ́n ti pàdé ni yóò sán. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ohun tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ ni kò dára. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Omi wọn ni kò dọ́gba. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ síbí, ẹ má gbàgbé èyí.

Ìgbà tó yẹ kí a lẹ etí ni ìgbà tí ife ti le tó láti dá dúró lọ́wọ́ láì tẹ̀, ṣùgbọ́n tí ọ̀bẹ ṣì ń gé e bí ẹni gé ọṣẹ tuntun. Tí ẹ bá gbé e mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ṣì tutù. Èékánná lè fa ilà sí i, kò sì ní lẹ̀ mọ́ èékánná. A ó wá gé orí etí tó nípọn, a ó rọra gbá ibi tí a gé mọ́ tábìlì kí ó fẹjú bí ẹnu kàkàkí. Lẹ́yìn náà la ó fi fọ́ọ̀kì tàbí abẹ́rẹ́ sín gbẹ́rẹ́ sí ojú rẹ̀ àti sí ojú ibi tí yóò jókòó sí lára ife, ilà lórí ilà. Amọ̀ tí a ti pò mọ́ omi títí tó fi ki bí ògì gbígbóná la ó fi ra ojú gbẹ́rẹ́ náà. Kì í ṣe gúlù. Amọ̀ ife yẹn náà ni. Bí oògùn ṣe ń gba ojú gbẹ́rẹ́ wọ inú ara ni amọ̀ olómi yìí ń wọ inú àwọn méjèèjì, ó ń rọ ojú wọn, wọ́n á sì di ara kan. Nígbà náà, ọwọ́ kan á ró ẹ̀gbẹ́ ife láti inú, ọwọ́ kejì á tẹ etí mọ́ ọn títí amọ̀ olómi á fi yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí kò bá yọ, ẹ kò tíì tẹ̀ ẹ́ tó.

Ọ̀nà kan tún wà tí mo fẹ́ràn jù. A ó lẹ kùkùté amọ̀ kúkurú mọ́ ife, a ó dá ife náà dùbúlẹ̀ lọ́wọ́ kí kùkùté máa wo ilẹ̀, a ó sì fa etí jáde láti ara rẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí la ó gbé ife nàró, etí á ṣubú bí ọrun fúnra rẹ̀, a ó sì fi àtàńpàkò tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ ife. Ẹ má pa ojú àtàńpàkò yẹn rẹ́. Òun ni ìbuwọ́lùwé iṣẹ́ náà.

Ibo ni kí ó wà? Tíì inú ife tí kò tóbi, tí kò sì kéré, bíi mìlílítà 300, wúwo tó gíráàmù 300, ife fúnra rẹ̀ sì lè tó bẹ́ẹ̀ tàbí kó jù ú lọ. Etí tó bá yọ jìnnà sí ara ife á jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wúwo lọ́wọ́, bí ìgbà tí ènìyàn na apá tán tó wá ń gbé garawa. Tó bá sún mọ́ ọn jù, ìka á máa kan ara ife, tíì á sì jó o. Èmi máa ń fi ìka mi wọ̀n ọ́n, màá sì fi díẹ̀ kún un, torí pé àlàfo náà yóò súnkì. Etí tí inú rẹ̀ ga ní sẹ̀ǹtímítà 10 nígbà tó tutù yóò di 8.8 bí amọ̀ náà bá ń súnkì ní ìdá 12 nínú 100.

Etí tín, afẹ́fẹ́ sì yí i ká, nítorí náà òun ló máa ń kọ́kọ́ gbẹ. A ó fi ọ̀rá bo ife náà fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí omi inú etí àti ti ife lè bá ara wọn dọ́gba, kí a tó máa ṣí i díẹ̀díẹ̀. Nígbà ọyẹ́ kan, mo kó ife mẹ́fà síta láàárọ̀ láì bò wọ́n, mo rò pé bí wọ́n bá tètè gbẹ, màá tètè kó wọn sínú iná. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mẹ́rin ti sán lábẹ́ etí lókè. Ilà náà tín bí irun orí. Mo gbìyànjú láti fi amọ̀ dí i, gbogbo wọn tún sán padà nínú iná.

Nínú iná àkọ́kọ́, tó máa ń tó nǹkan bí 1000 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ẹ rọra bẹ̀rẹ̀. Ní 100, omi tó bá ṣẹ́kù sínú ìdí etí á di oru, bí kò bá rí ọ̀nà jáde, á fọ́ etí náà dànù. Lẹ́yìn èyí ni a ó fi ohun dídán tó ń yọ́ bí dígí bò ó, tí ife á tún padà sínú iná, àwọn kan títí dé 1200 sí 1300.

Bí ẹ bá wà ní ibi ìpàtẹ tí ẹ fẹ́ ra irú ife bẹ́ẹ̀, ẹ fi ìka wá abẹ́ etí náà lókè, níbi tó ti so mọ́ ara ife. Ibẹ̀ ni sísán máa ń fi ara pamọ́ sí. Ẹ wò ó bóyá ilà tí ọwọ́ tútù fà wà ní gígùn rẹ̀, bóyá ó tín-ín-rín bọ̀ nísàlẹ̀, bóyá ojú àtàńpàkò wà níbi tó parí sí. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bu omi sínú rẹ̀, kí ẹ sì gbé e pẹ̀lú omi. Ife òfìfo kò lè sọ fún yín bóyá etí rẹ̀ dára.