Igbó gẹdú Oǹdó ni wẹ́jì ọkọ̀ akẹ́rù ti ṣẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ jiyàn kó jáde

Kò sí ẹni tó dàgbà sí ojú ọ̀nà Oǹdó sí Ọ̀rẹ̀ tí kò mọ wẹ́jì. Igi gbágbágbá tí wọ́n gé ojú rẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀ ni, òun ni mọ́tọ̀ bọ́ì ń sọ sẹ́yìn táyà kí ọkọ̀ akẹ́rù má bàa fi ẹ̀yìn rìn lórí òkè. Àwọn ará Ìbàdàn ní ọ̀dọ̀ tàwọn ló ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Èkó ní èbúté Àpápá ni. Èmi ní inú igbó gẹdú tiwa ni, láàárín Ìdànrè, Oǹdó àti Ọ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tí kò tíì sí lọ́rì bẹ̀rẹ̀. Àwọn Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ kò lè ṣe kí wọ́n má ní ọkọ̀ ojú omi, odindi igi ni wọ́n sì ń gbẹ́ ọkọ̀ náà. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni igi ńlá ń wà ní etídò gẹ́lẹ́. Inú igbó ni wọ́n ti ń gé e, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbẹ́ inú rẹ̀ kó lè fúyẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n á tẹ́ igi wẹ́wẹ́ sílẹ̀, wọ́n á máa fà á lórí wọn lọ sí odò. Ẹ fojú inú wo àwọn géńdé tó di okùn mú, tí ilẹ̀ ń dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ níwájú wọn, tí ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sá ju ẹsẹ̀ wọn lọ. Ta ló fẹ́ fi ọwọ́ lásán dá a dúró? Kò lè má sí ọmọdékùnrin kan tó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó gbá ègé igi mọ́ra, tó ń jù ú síwájú rẹ̀ ní gbogbo ibi tí ilẹ̀ bá ti dà jù. Lójú tèmi, ọmọ yẹn ni mọ́tọ̀ bọ́ì àkọ́kọ́ nílẹ̀ Yorùbá. Ó tiẹ̀ ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibẹ̀ ni orúkọ agbégilódò ti rọra wọlé, nítorí odò ló wà nínú orúkọ náà, títì kò sí níbẹ̀.

Nígbà tí òwò gẹdú wá gbóná, tí wọ́n ń gé ọ̀gànwó, ìrókò àti arère, ọwọ́ ni wọ́n fi ń di igi sí ọkọ̀. Wọ́n á fi òpó méjì dábùú láti ilẹ̀ dé ẹ̀yìn lọ́rì, wọ́n á máa yí ìtì igi gun orí rẹ̀. Bí igi bá ti yí ẹ̀ẹ̀kan, ẹnì kan á ki ègé igi sí abẹ́ rẹ̀ kó má padà sẹ́yìn wá tẹ ènìyàn pa. Ohun tó ń dá igi dúró lórí òpó yẹn náà ni wọ́n mú, tí wọ́n fi dá ọkọ̀ tó gbé igi dúró. Kí ló tún kù tó ṣòro níbẹ̀?

Wẹ́jì gidi, igi apá ni. Arère kò dáa fún un, ó rọ̀, táyà á tẹ̀ ẹ́ fọ́. Wọ́n á kan igi gbọọrọ mọ́ ọn bí ọwọ́, kí ọmọ má bàa ki ìka bọ abẹ́ táyà. Bí lọ́rì bá ń gun òkè tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kérora, mọ́tọ̀ bọ́ì á ti bẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó ní kó bẹ́. Á máa rìn lẹ́yìn táyà, etí rẹ̀ á wà lára ẹ́ńjìnnì. Bí ohùn bá ti yí padà báyìí, á sọ ọ́ sílẹ̀, á gbá ara ọkọ̀: "Ọ̀gá, ó ti jókòó!" Ọ̀gá á mú jíà kékeré, á tẹná sí i; bí táyà bá ti fi wẹ́jì sílẹ̀, ọmọ á hú u, á tún sáré tẹ̀lé ọkọ̀.

Ẹ má sì gbàgbé pé ìlú Ògún ni Oǹdó. Bí ọdún Ògún bá dé, awakọ̀, alágbẹ̀dẹ, ọdẹ àti mẹkáníìkì ló ń jáde, màrìwò á sì wà lára ọkọ̀. Àwọn tó ń bẹ Ògún kó má fi ọkọ̀ mu ẹ̀jẹ̀ náà ló ń gbẹ́ wẹ́jì. Àdúrà lọ́tọ̀, igi lọ́tọ̀.

Ìbàdàn ní ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè làwọn ti rí i kọ́. Lóòótọ́, rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907. Kò dé Oǹdó, kò dé Àkúrẹ́, títí di òní. Ta ló wá kọ́ wa? Ti èbúté Àpápá kò tiẹ̀ gba èsì: ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ni wọ́n fẹ́ fi wẹ́jì ṣe níbẹ̀?

Gígun òkè ni wẹ́jì wà fún o. Sísọ̀kalẹ̀, jíà ló ni ín. Ohun tí àwọn bàbá tó ti wa agbégilódò ń sọ fún ọmọ iṣẹ́ ni pé jíà tó fi gun òkè ni kó fi sọ̀ ọ́, kó sì ti wà nínú jíà náà kí ọkọ̀ tó dorí kodò. Ẹni tó bá yọ ọ́ kúrò nínú jíà sí fírì kí dísẹ́lì má bàa tán, tó wá gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì láti orí òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń sun bíréèkì rẹ̀ ni. Dúrọ́ọ̀mù á gbóná, á fẹ̀, bíréèkì á máa yọ̀ lára rẹ̀. Bó tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀, kò ní mú. Òórùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jáde, kí èéfín tó tẹ̀lé e. Ti tírélà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹ̀yìn ló gbé ẹrù. Bí orí bá há bíréèkì lójijì nínú òjò, ẹ̀yìn á tì í, á yí wá sí ẹ̀gbẹ́, dẹ́rẹ́bà á wá máa wo ẹrù ara rẹ̀ láti ojú fèrèsé.

Ìyókù kò gùn. Ní 1869 ni George Westinghouse ní Amẹ́ríkà ṣe bíréèkì tó ń fi éà ṣiṣẹ́ fún rélùwéè. Ní 1872 ó tún un ṣe débi pé bí éà bá jò, bíréèkì á há fúnra rẹ̀. Ọgbọ́n yẹn náà ló wà lára tírélà òde òní: sípíríǹgì ló ń há a, éà ló ń dá sípíríǹgì dúró. Bí páìpù pupa tó so orí mọ́ ẹ̀yìn bá já, bíréèkì ẹ̀yìn á há. Wẹ́jì náà ni, irin ni wọ́n fi ṣe tiwọn. Clessie Cummins, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì dísẹ́lì, tí ọkọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ sá mọ́ ọn lọ́wọ́ lórí òkè Cajon ní California ní 1931, ló wá ronú bí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ṣe lè máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn; iléeṣẹ́ Jacobs bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1961. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1977, ìjọba àpapọ̀ dá tirẹ̀, FRSC, sílẹ̀ ní 1988.

Síbẹ̀, òkè Ọ̀kà-Àkókó ṣì ń gba tírélà lọ́wọ́ awakọ̀. Ní oṣù kìíní 2021, ọkọ̀ akẹ́rù kan já wọ àárín àwọn ènìyàn ní Àkùngbá, nítòsí yunifásítì, ẹ̀mí sì bá a lọ. FRSC ní tírélà kò gbọdọ̀ sáré ju kìlómítà 60 ní wákàtí kan lọ ní ọ̀nà márosẹ̀. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ sí Ṣágámù lóru, kẹ́ ẹ bá mi wá èyí tó ń pa á mọ́.